Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran: Ọ̀rọ̀ Lórí IVF àti Iye Tí Wọ́n Ń Pè Fún Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbá ojú ọjà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Àwọn kan lè sọ pé kí ló kan ẹgbẹ́ ọlọ́jà nínú ọ̀rọ̀ yàrá tọkọtaya. Ó kàn wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí orí ọmọ tuntun kò bá gbọdọ̀ wọ́ lójú wa, ìyá tó ń wá ọmọ tuntun náà kò gbọdọ̀ ṣubú lójú wa. Èkejì, owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Owó tí gbogbo wa ń dá ni àwọn kan ń yá lọ ṣe é.

Ọ̀kan nínú wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní sọ ohun tó ń tà, ó ti pẹ́ nílé ọkọ láìgbọ́ igbe ọmọ. Lọ́jọ́ kan ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pín ní gáréèjì. Àwòrán ìbẹta wà lára ìwé náà, wọ́n wọ fìlà aláwọ̀ mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀ pé nínú obìnrin 100 tó bá wá sọ́dọ̀ àwọn, 70 ló ń lóyún. Arábìnrin wa yá owó ẹgbẹ́, ó kó àjọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fi oko kòkó dógò. Kò pé oṣù mẹ́ta, owó tán, oyún kò dúró.

Kì í ṣe owó náà ló dùn wá jù. Ohun tó dùn wá jù ni ohun tí arábìnrin yìí sọ nígbà tí a lọ wò ó nílé, torí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò yọjú sí ọjà. Ó ní, "Tí 70 nínú 100 bá ń rí i, tí èmi kò rí i, á jẹ́ pé orí mi ni kò dáa." Ẹ gbọ́ o. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé gáréèjì ló ń jẹ́ kí ènìyàn bú orí ara rẹ̀.

Àwa méjì nínú ìgbìmọ̀ bá a padà lọ síbẹ̀ láti béèrè. Wọn kò lé wa, wọ́n fún wa níjòókòó. Ẹni tó dá wa lóhùn ní 70 náà kì í ṣe irọ́. Ó ní àwọn tí wọ́n fi ẹyin ọ̀dọ́mọbìnrin mìíràn ṣe é fún ni wọ́n kà, àti pé àwọn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ pé oyún wà ni 70 náà. A bi í pé mélòó nínú 70 ló wá gbé ọmọ relé? Kò lè sọ. Bẹ́ẹ̀ arábìnrin wa ti lé ní 40 ọdún, ẹyin ara rẹ̀ ni wọ́n sì lò fún un. Nọ́ńbà tí wọ́n fi pè é wọlé kì í ṣe nọ́ńbà tirẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni ojú wa ti là, tí a fi ní a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé IVF kò dáa. Òótọ́ ni iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978 ni wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà yìí rí láyé, ní ìlú Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Louise Brown lorúkọ rẹ̀. Robert Edwards, dókítà Patrick Steptoe àti Jean Purdy tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló jọ ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún Edwards ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2010. Ní Nàìjíríà níbí, LUTH ní Èkó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti ṣíwájú iṣẹ́ náà láàárín àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1998, ilé ìwòsàn Nisa tí Dókítà Ibrahim Wada dá sílẹ̀ ní Abuja náà rí ọmọ tirẹ̀. Lónìí, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Benin, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí UBTH, ń ṣe é, àwọn aládàáni tó sì ń ṣe é káàkiri Èkó, Abuja, Benin àti àwọn ìlú mìíràn kò lóǹkà. Àwọn ọmọ tí wọ́n rí báyìí wà, wọ́n ń lọ sílé ìwé, wọ́n ń jẹ iyán bí ọmọ gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn Louise Brown tí wọn kì í kọ sára ìwé gáréèjì. Kí àwọn mẹ́ta yẹn tó rí iṣẹ́ náà ṣe, láti 1969 dé 1978, obìnrin 282 ló yọ̀ǹda ara wọn fún wọn. Ìgbà 112 ni wọ́n dá ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ àwọn obìnrin náà. Ọmọ mélòó ni wọ́n bí láàyè? Méjì péré. Gbogbo ayé mọ orúkọ Louise. Ta ló mọ orúkọ àwọn tó kù? Iṣẹ́ ti dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì báyìí, ṣùgbọ́n àṣà yẹn kò kúrò: ẹni tó rí i là ń rí fọ́tò rẹ̀, ẹni tí kò rí i á ti yọ́ lọ sílé.

Kí ni wọ́n máa ń ṣe gan-an? Wọ́n á máa gún obìnrin lábẹ́rẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹyin púpọ̀ lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fi ẹ̀rọ wò ó. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa ẹyin náà jáde. Wọ́n á gba àtọ̀ lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀ nínú àwo kékeré, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní ọmọ inú ìgò. Tí ó bá di ọlẹ̀, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ọmọ, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á wá fi í sínú ilé ọmọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá oyún wà. Ẹ rí i pé ìpele pọ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni àwọn kan ti máa ń já sílẹ̀. Inú ìjásílẹ̀ yìí ni ọgbọ́n nọ́ńbà wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà wa ṣàlàyé. Ká ní ẹ ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì 100 láti òkè Ọya. Mẹ́wàá fọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Mẹ́wàá mìíràn jẹrà lọ́nà. 80 ló balẹ̀ sí Ofosu. Nínú 80 yìí, àwọn oníbàárà fọwọ́ lé 36 pé àwọn á rà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n bá tiwọn lọ. 25 ni owó rẹ̀ wọlé. Tí ọkọ yín bá wá bi yín nílé pé báwo lọjà, ṣé ẹ ó sọ pé ẹ tà 36 nínú 80? Owó 100 lẹ san! 25 nínú 100 lẹ tà. Ẹni tó bá sọ pé 36 nínú 80 kò purọ́ o, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹ mọ àdánù rẹ̀ ni.

Bó ṣe rí pẹ̀lú IVF gẹ́ẹ́ nìyẹn. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kankan. Ká ní obìnrin 100 sanwó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ẹyin àwọn mẹ́wàá kò gbó dáadáa, wọ́n dá wọn dúró. Wọ́n fa ẹyin mẹ́wàá mìíràn, ṣùgbọ́n kò di ọlẹ̀ tó dáa. 80 ni wọ́n fi ọlẹ̀ sí nínú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ pé 36 lóyún. Oyún àwọn kan yọ́ dànù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ti àwọn kan bàjẹ́ lẹ́yìn náà. 25 ló gbé ọmọ láàyè relé. Ilé ìwòsàn yẹn lè kọ ọ́ sára pátákó pé 45 nínú 100 ló ń lóyún lọ́dọ̀ àwọn, torí 36 nínú 80 jẹ́ 45 nínú 100. Ìṣirò náà pé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀yin ń lọ rà kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọmọ lẹ ń lọ wá. Nínú 100 tó sanwó, 25 ló gbé ọmọ. Èyí ni kóńgò tí kò ní dẹ́ǹdẹ́ nídìí. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọlé. Ojú rẹ̀ á kún, ẹ̀yìn rẹ̀ kò kún.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí. Ẹyin obìnrin kì í ṣe bí ti adìyẹ tó ń yé tuntun lójoojúmọ́. Ẹyin tí Ọlọ́run fi sínú wa la bí wa mọ́, bí a bá ṣe ń dàgbà ló ń dàgbà, tó sì ń dín kù. Láti bí ọdún 35 ló ti ń yára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọba ti ń ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí wọ́n rí ní ọdún 2019 rèé. Bí àwọn obìnrin tí kò tíì pé 35 ọdún bá lo ẹyin ara wọn, nínú ọlẹ̀ 100 tí wọ́n bá fi sínú, bí 32 ló di ọmọ. Láàárín àwọn tó wà ní 40 sí 42, ó já sí bí 11. Láti 43 lọ sókè, kò tó 5. Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lèyí o, níbi tí iná kì í ti í ṣẹ́jú. Kódà fún ọ̀dọ́ níbẹ̀, nínú ìgbà mẹ́ta tí wọ́n bá fi ọlẹ̀ sínú, bí ẹ̀ẹ̀kan ló ń di ọmọ. Nítorí náà, ẹni tí kò rí i lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ kò burú. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni.

Ohun kẹta ni ẹyin ta ni. Àwọn ilé ìwòsàn máa ń gba ẹyin lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ, wọ́n á fi sínú ìyàwó tó ti dàgbà. Ìyàwó náà ni yóò lóyún, òun ni yóò bí, òun ni ìyá ọmọ. A kò dá ẹnikẹ́ni tó ṣe é lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya àti ẹ̀sìn wọn ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹni tó ni ẹyin ni nọ́ńbà náà ń tẹ̀lé, kì í ṣe ọjọ́ orí ẹni tó gbé oyún. Tí wọ́n bá da àwọn tó lo ẹyin ọ̀dọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tó lo tiwọn, tí wọ́n wá pe nọ́ńbà kan ṣoṣo fún yín, ìrẹsì àtijọ́ àti tuntun ni wọ́n dà pọ̀ sínú àpò kan yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní, ìyá ẹni ọdún 68 tó bí ìbejì ní LUTH ńkọ́? Òótọ́ ni. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá náà tí wọ́n gbé ọkùnrin kan àti obìnrin kan jáde. A gbọ́ ọ lórí rédíò, inú wa dùn, a jó. Ṣùgbọ́n LUTH fúnra wọn sọ pé ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe IVF náà kó tó di pé wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wọn, ìròyìn sì sọ pé tọkọtaya náà ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kò bọ́ sí i. Ìtàn ẹnì kan ni. Ìtàn ẹnì kan dáa fún àdúrà. Kò dáa fún yíyá owó. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ta ọjà kan lọ́jọ́ kan, tó fi èrè rẹ̀ ra ilẹ̀. Ṣé torí ìyẹn la fi ń yá àwọn èèyàn lówó láti lọ ra irú ọjà yẹn?

Ohun kẹrin ni ìbejì àti ìbẹta. Ọmọ Yorùbá ni wá, a fẹ́ràn ìbejì. Ìbejì ń sọ alákìísà di aláṣọ. Nígbà tí wọ́n bá fi ọlẹ̀ méjì, mẹ́ta sínú lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà àwọn tó lóyún lè ga sí i, ìwé gáréèjì á sì rí àwòrán tó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n oyún ìbejì àti ìbẹta máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru bá ìyá, àwọn ọmọ sì máa ń wá láìpé oṣù. Ẹni tó bá ti bímọ tó wọn kílò kan ààbọ̀ rí mọ ohun tí à ń wí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún 1990, nínú ìbí IVF 100, bí 28 ló jẹ́ ìbejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 2019, wọ́n ti já a sí 6, torí wọ́n ní ọlẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ló dáa fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹ wá bi ara yín pé tí omi bá ya lóru ní oṣù keje, báwo lẹ ó ṣe dé ibi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí kò pé oṣù wà, ní ojú títì Orè sí Benin tí gbogbo wa mọ̀ yìí?

Ohun karùn-ún ni pé nọ́ńbà tó ga kì í fìgbà gbogbo túmọ̀ sí dókítà tó dáa. Ilé ìwòsàn kan lè máa gba àwọn ọ̀dọ́ nìkan, kí ó máa dá àwọn tó ti lé ní 40 padà. Nọ́ńbà rẹ̀ á ga. Òmíràn lè máa gba àwọn tí ibi gbogbo ti lé dànù, nọ́ńbà tirẹ̀ á rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ju ti èkíní lọ. Bákan náà, ẹni tó ṣe é fún obìnrin márùn-ún, tí mẹ́ta rí i, lè sọ pé 60 nínú 100. Ìyẹn kò tíì tó nǹkan tí à ń fi gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó tajà lọ́jọ́ ọdún nìkan kò tíì mọ ọjà.

Kí ló wá dé tí àwa ń fẹsẹ̀ wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń rí kà lọ́fẹ̀ẹ́? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1990, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní HFEA sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991. Dandan ni kí ilé ìwòsàn IVF kọ̀ọ̀kan gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ó sì máa jíṣẹ́ fún wọn, àwọn ni wọ́n sì ń gbé iye ọmọ tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan rí síta fún gbogbo ènìyàn. Amẹ́ríkà náà ṣòfin tirẹ̀ ní 1992. Ní tiwa, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé ìlànà kan jáde ní 2019, àwọn dókítà IVF náà sì ní ẹgbẹ́ tiwọn tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ibi kan ní Nàìjíríà tí ìyá aláta ti lè wò ó pé ilé ìwòsàn báyìí, obìnrin mélòó tó tó ọjọ́ orí mi ló bẹ̀rẹ̀, mélòó ló gbé ọmọ. Ìjọba ń wọn epo, wọ́n ń wọn kòkó, ajọ́wọ̀n wà fún un. Kí wọ́n jẹ́ kí ajọ́wọ̀n wà fún èyí náà. A ń ké sí àwọn aṣòfin wa ní Àkúrẹ́ àti ní Abuja. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò wa ní Ofosu, ẹ bi í léèrè.

Kí òfin tó dé, ẹnu wa ni òfin wa. Ẹ jẹ́ ká béèrè bí a ṣe ń béèrè lọ́jà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ, ìbéèrè rèé, ẹ gé e pamọ́ sínú pọ́ọ̀sì:

Èkíní: nínú àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá, mélòó ló gbé ọmọ láàyè relé?

Èkejì: nínú wọn, àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí ńkọ́?

Ẹ̀kẹta: ẹyin ara wọn ni àbí ẹyin ẹlòmíràn?

Ẹ̀kẹrin: obìnrin mélòó ni gbogbo wọn, ọdún wo sì ni?

Ẹ̀karùn-ún: ọlẹ̀ mélòó lẹ máa ń fi sínú lẹ́ẹ̀kan, ìbejì àti ìbẹta mélòó lẹ rí, ìyá àti ọmọ ńkọ́?

Ẹ̀kẹfà: iye owó wo ni gbogbo rẹ̀ pátá, oògùn, abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò, títọ́jú ọlẹ̀ tó kù sínú yìnyín, tí kò bá sì bọ́ sí i, èló ni ti ẹ̀ẹ̀kejì?

Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Dókítà gidi kò ní bínú. Á fi yín jókòó, á sọ èyí tó mọ̀ fún yín, á sì sọ èyí tí kò mọ̀. Ẹni tó bá ń fi àwòrán ìbẹta dáhùn ìbéèrè nọ́ńbà, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ohun kan tún wà tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè yìí. Ṣé IVF gan-an lẹ nílò? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹyin ń gbà ló dí, àrùn tí wọn kò tọ́jú dáadáa ló sì ń fa púpọ̀ rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkọ ni. Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ má bínú sí wa. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò wọ́n, kò dùn yàn, kì í sì í sọ ọkùnrin di obìnrin. A ti rí obìnrin tó jẹ àgbo fún ọdún méje, kí ọkọ tó gbà láti ṣe àyẹ̀wò tí kò gba wákàtí kan. Ọ̀dọ̀ ọkọ ni ọ̀rọ̀ wà láti ọjọ́ yìí wá. Bí ọkọ kò bá yẹ ara rẹ̀ wò, ẹgbẹ́ kò ní yá ìyàwó rẹ̀ lówó IVF. Èyí ni èrò ìgbìmọ̀, a sì fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí i.

Àwọn ohun mìíràn tí a fẹ́ kí ìpàdé gbà nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún IVF, kí ó kọ́kọ́ gba owó àyẹ̀wò tọkọtaya nìkan. Tí èsì bá dé, kí ó mú ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́fà yìí wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí àgbà méjì bá a lọ sí ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó má kó gbogbo owó rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó ní owó ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ó mọ̀ kó tó lọ pé ó lè má bọ́ sí i, kí ó má fi oko dógò, kí ó má fi ìsọ̀ dógò. Owó IVF ti wọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà báyìí. Bí ọmọ bá dé tí ìsọ̀ ti lọ, kí la ó fi tọ́ ọ?

Àwọn kan nínú wa ti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù, pé Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ, kí la ń ka nọ́ńbà sí. A gbà pé Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ. Òun náà ló ń fúnni lówó, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wa tí kì í ka ṣéńjì. Àwọn mìíràn ní nọ́ńbà yìí á jẹ́ kí àwọn tó ń wá ọmọ sọ ìrètí nù. Àwa rò pé òdìkejì ni. Ẹni tó mọ̀ pé 25 nínú 100 ni, tí kò bọ́ sí i, á sunkún, á nu ojú rẹ̀, á mọ̀ pé òun àti 74 mìíràn ni. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé 70, òun ló ń bú orí ara rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹkún kò ní ká di ojú.

Arábìnrin wa ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti sún ọjọ́ owó rẹ̀ síwájú, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ká kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde. A bẹ gbogbo yín, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe máa bi í pé kí ló dé. Ẹ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń wá ọmọ láàárín wa, Ọlọ́run yóò fi ohùn ọmọ kún ilé yín. Ẹni tó bá sì pinnu pé òun ti ṣe tó, tó gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́, ìyá ni òun náà, ipò ìyá la ó sì fi í sí nínú ẹgbẹ́ yìí.

Ó dìgbà ìpàdé. Ẹ má pẹ́ o, ẹ sì mú owó oṣù lọ́wọ́.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà, Ofosu.